Kí Lẹ́tà Tó Bẹ̀rẹ̀ sí í Rìn: Ohun Tí Storyboard Ń Ṣe fún Fídíò Ọ̀rọ̀

Màmá akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Tàkíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti wo ibi tí mo bá iṣẹ́ wọn dé. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 15 ni wọ́n gbé fún mi: orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni kó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá inú gbọ̀ngàn kí ìpàdé ọdún wọn tó bẹ̀rẹ̀. Mo na bébà kan sí wọn. Àpótí mẹ́fà ni mo fi pẹ́ńsù yà sórí rẹ̀, pẹ̀lú ọfà kéékèèké tó ń lọ sókè, tó ń lọ sódò. Wọ́n wò ó, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fídíò la ní kó o ṣe. Ti àpótí wo nìyí?"

Ìbéèrè wọn tọ́, kì í sì í ṣe àwọn nìkan ló ń bi í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó máa ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láti àdúgbò Under G ń bi í. Àwọn tó fẹ́ kí n bá wọn polówó kajú lórí status WhatsApp náà ń bi í. Storyboard là ń pe bébà alápótí bẹ́ẹ̀: orí rẹ̀ la ti ń ya ohun tí fídíò máa fi hàn, ní ìtẹ̀léra, kí a tó ṣe é. Kí ló dé tí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà yóò tún jókòó ti bébà? Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ orúkọ ìlú wa yìí ṣàlàyé, torí pé orí bébà yẹn gan-an ni mo ti rí ohun tí n kì bá tí rí láé lójú kọ̀ǹpútà.

Fídíò ọ̀rọ̀ ni mo ń pe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni òṣèré inú rẹ̀. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí ẹranko. Lẹ́tà ló ń wọlé, lẹ́tà ló ń dúró, lẹ́tà ló ń ṣubú. Ẹ ti rí i rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: orin ìjọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yọ lára ògiri bí akọrin ṣe ń kọ ọ́, ìkíni tí orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí ń jó wọlé. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960, Saul Bass sọ orúkọ àwọn òṣèré tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù di ohun tí ènìyàn ń fẹ́ wò, nítorí ó jẹ́ kí wọ́n máa rìn lọ́nà tó bá ìtàn fíìmù náà mu.

Storyboard ṣáájú ìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni àwọn ayàwòrán ilé iṣẹ́ Walt Disney bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìran kọ̀ọ̀kan sórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń kan àwọn bébà náà mọ́ pátákó lára ògiri. Bọ́ọ̀dù tó wà nínú orúkọ rẹ̀, pátákó gidi ni. Ìran tí kò bá dùn, wọ́n á yọ ọ́ dànù. Èyí tó yẹ kó ṣáájú, wọ́n á gbé e síwájú. Bébà nìkan ló ṣòfò.

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé wọ́n rò pé ẹni tó mọ àwòrán yà ló lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá lè ya àpótí, tó lè kọ ábídí, tó lè fa ọfà, ó ti lè ṣe storyboard fídíò ọ̀rọ̀. Àkókò là ń pín níbẹ̀: ọ̀rọ̀ wo ni ojú yóò kọ́kọ́ kà, báwo ni yóò ti pẹ́ tó lójú, kí ni yóò ṣe kó tó kúrò, kí ni yóò sì gba ipò rẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni fídíò, àwòrán púpọ̀ tó ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá débi tí ojú fi gbà pé nǹkan kan ń rìn. Ti sinimá jẹ́ àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa jẹ́ 25, fóònù púpọ̀ sì ń lo 30. Ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ́nà 25 jẹ́ àwòrán 375. Kọ̀ǹpútà ló máa ń ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún un ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti gbéra àti ibi tó ń lọ. Bí mo bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, tí oníbàárà wá ní ọ̀rọ̀ kejì ni kó ṣáájú, ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e ló máa yí. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tú fídíò jáde lọ́wọ́, jẹnẹrétọ̀ ló kù, epo sì ni jẹnẹrétọ̀ ń mu. Lórí bébà, rọ́bà ni mo fi ń pa á rẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ náà kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Mo ní, "Níbo lẹ ti fẹ́ máa wò ó?" Tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ: bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 16, gíga rẹ̀ á jẹ́ 9. Fóònù tí a gbé ró jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Nítorí náà, àpótí tí mo fi rúlà yà fún tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, ó sì ga ní 4.5, ti fóònù, mo kàn gbé e nàró ni. Wọ́n kọ́kọ́ dáhùn pé tẹlifíṣọ̀n nìkan, kí Màmá tó rántí pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló máa fẹ́ gbé e sórí status wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sọ iṣẹ́ kan di méjì, mo sì dúpẹ́ pé ìgbà tí a kò tíì ya ohunkóhun ni wọ́n rántí. Fóònù tún ní ìṣòro tirẹ̀: orúkọ ẹni tó gbé status wà lókè, ibi tí a ti ń fèsì wà nísàlẹ̀. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kun òkè àti ìsàlẹ̀ àpótí fóònù, kí ọwọ́ mi má baà ṣèèṣì gbé ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn àpótí, ọ̀rọ̀ ló kàn. Gbogbo ohun tó máa hàn ní kíkọ nínú fídíò, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó fa ọfà kankan, mo sì ń jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á sókè, kí n fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ni kó kà á, ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jù. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lójú títí ènìyàn yóò fi lè kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹni tó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́" ni gbólóhùn tó gùn jù nínú iṣẹ́ wa. Ọmọ iṣẹ́ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀. Ibẹ̀ ni 3.5 tó wà lábẹ́ àpótí kẹta ti wá.

Ìtàn orúkọ wa kì í ṣe tuntun sí ọmọ ìlú. Ògúnlọlá ọdẹ ló pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Látibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ẹnu sì ń gé e kúrú títí ó fi di Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni èyí tí ẹnikẹ́ni máa rò: orúkọ gígùn á yọ, á pòórá, orúkọ kúkúrú á yọ. Mo ya á ní àpótí méjì. Ó mọ́ tónítóní, kò sì sọ nǹkan kan fún mi.

Mo wá kọ orúkọ méjèèjì sínú àpótí kan ṣoṣo, èyí gígùn lókè, èyí kúkúrú nísàlẹ̀, mo sì fa ìlà láti ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lókè lọ bá ẹnìkejì rẹ̀ nísàlẹ̀. "Ògbó" rí ẹnìkejì rẹ̀. "Mọ̀ṣọ́" rí tirẹ̀. "Rí", "Ẹ" àti "lẹ́" ni kò ní ẹnìkejì. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. "Ẹlẹ́" ni iwájú orúkọ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Òun ni orí ọ̀rọ̀ náà, òun ni wọ́n sì gé kúrò. "Rí" ni ohun tó kù lára "orí" lẹ́yìn tí "o" rẹ̀ ti so mọ́ "gbé", tí wọ́n di "gbó". Bí wọ́n ti gé orí ọkùnrin náà nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn baba wa gé orí orúkọ rẹ̀. Orí mi wú. Láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀ ni mo ti ń pe orúkọ ìlú yìí, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí àfìgbà tí mo tò ó sínú àpótí tí mo fa ìlà sí i.

Láti ibẹ̀ lọ, fídíò náà ti mọ ibi tó ń lọ. Kò sí pé orúkọ kan ń pòórá mọ́. Gígé ni a ó gé e.

Àpótí kìíní jẹ́ òkùnkùn aláwọ̀ aró, dùndún dún lẹ́ẹ̀kan, kò sí lẹ́tà kankan fún ìṣẹ́jú àáyá 1.5. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ ráyè dé. Nínú ìkejì, orúkọ gígùn wọlé ní sílébù kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 3.5. Nínú ìkẹta, orúkọ náà dúró, ìtumọ̀ rẹ̀ yọ kékeré lábẹ́ rẹ̀, 3.5 mìíràn. Ìkẹrin ni idà: ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, sílébù mẹ́ta já bọ́, 1.5. Nínú ìkarùn-ún, "mọ̀ṣọ́" rìn lọ bá "Ògbó" láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìkẹfà, Ògbómọ̀ṣọ́ dúró, ohunkóhun kò rìn fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 15 ni. Bí kò bá pé tàbí tó bá lé, orí bébà la ti ń mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwọlé sílébù yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fídíò ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ lójú mi. Lẹ́tà kan fò wá láti ọ̀tún, èkejì yí bírí, ẹ̀kẹta ń gbọ̀n, kò sì sí ìdí kankan. Bí lẹ́tà bá máa rìn, ó yẹ kí ìrìn rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ náà wá. Yorùbá sì ti fún wa ní ìrìn tirẹ̀: ohùn. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ jẹ́ dò-mí-mí-re-mí-dò-mí. Nítorí náà, sílébù olóhùn ìsàlẹ̀ ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀ àpótí, ti ohùn òkè ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, "Ẹ" tó jẹ́ ohùn àárín wọlé láti ẹ̀gbẹ́, dùndún sì ń sọ ohun kan náà pẹ̀lú wọn. Àwọn ọfà tó dàrú lójú Màmá nìyẹn. Àmì ohùn ni wọ́n, mo kàn fún wọn lẹ́sẹ̀ ni. Nígbà tó bá wá di Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìkẹyìn, dò-mí-dò-mí ni, ìlù á lù ú bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ka àmì rí nílé ìwé á gbọ́ ọ, á sì rí i.

Àmì yìí kan náà ló ń fa ìṣòro tó tóbi jù fún wa nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe é kì í bá a pàdé. Láti ìgbà ìpàdé tí àwọn ìjọ CMS ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 ni ìlànà ìkọ̀wé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ṣì ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. "Ẹ" lásán ní ààyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, òun àti àmì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Kọ̀ǹpútà ní láti to àmì ohùn lé orí "ẹ" ni. Fọ́ńtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, tí wọn kò ṣe fún irú èdè wa kì í mọ ibi tó yẹ kí àmì náà jókòó sí, á sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó burú jù ni pé bí a bá ní kí ètò ìṣe-fídíò kan kó lẹ́tà wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ, ó lè ka àmì ohùn sí lẹ́tà, "ẹ" á wọlé, àmì rẹ̀ á máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ tí àmì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ di ọkọ. Ọkọ́ náà di ọkọ. Ẹni tó sanwó kí a polówó ọkọ̀ fún òun kò yẹ kó bá ìyẹn pàdé.

Nítorí èyí, lórí storyboard mi, mo máa ń fa òbìrí yí ohun tí kò gbọ́dọ̀ pínyà ká. Mo fi òbìrí yí "lẹ́" ká, mo yí "mọ̀" ká, mo yí "ṣọ́" ká. Mo tún yí "gb" ká, torí pé lẹ́tà kan ni nínú ábídí wa tó jẹ́ 25, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà rí "g" àti "b" níbẹ̀. Kí n tó mú fọ́ńtì, mo máa ń tẹ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ń Ẹ̀ Ọ́ sínú rẹ̀, kí n wò ó ní títóbi. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL máa ń gbé wọn dáadáa. Èyí tó bá kọsẹ̀ lára ọ̀kan ṣoṣo, mo fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ti fóònù wá fún mi ní iṣẹ́ mìíràn. Orúkọ gígùn yẹn kò lè tóbi tó lórí ìlà kan nínú àpótí tó dúró ró, nítorí náà mo gé e sí ìlà méjì: Ògbórí lókè, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ nísàlẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo rí i lórí bébà pé ìrù "g" tó wà lókè àti àmì ohùn tó wà lórí ìlà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn, mo ní láti fi àyè sáàárín wọn ju bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ. Mo tún rí i pé bí "rí" bá já láti ìlà òkè, orí "mọ̀ṣọ́" ni yóò bọ́ sí. Lórí fóònù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni "rí" gbà jáde, "Ẹlẹ́" ṣubú sísàlẹ̀, "mọ̀ṣọ́" sì gòkè lọ bá "Ògbó". Ká ní mo ti ṣe ti tẹlifíṣọ̀n tán kí n tó ronú kan fóònù, ǹ bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe ni.

Ohun kan tún wà tí ọfà nìkan kò lè sọ: eré. Ẹ wo ọ̀kadà tó gbéra ní Tàkíè tó ń lọ Sábó. Kì í fò kúrò lójú kan, kì í sì í dúró gbì bó bá dé. Mo máa ń fi èyí hàn pẹ̀lú àmì tó-tó-tó lábẹ́ ọfà: wọ́n súnmọ́ra níbẹ̀rẹ̀, wọ́n jìnnà síra láàárín, wọ́n tún súnmọ́ra nígbà tó bá ń dé. Báyìí ni "mọ̀ṣọ́" ṣe rìn. Ti ohun tó ń já bọ́ yàtọ̀. Àmì tirẹ̀ ń jìnnà síra sí i títí ó fi kan ilẹ̀, torí pé ohun tó ń ṣubú kì í fa bíréèkì.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti máa wò ó, kí ẹ sì béèrè bébà yìí kí ẹ tó san owó tó pọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ojú bébà ni àtúnṣe ti rọrùn fún tọ̀tún tòsì.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn kí kọ̀ǹpútà tó wọ̀ ọ́ ni pé mo máa ń fi fóònù ya àpótí kọ̀ọ̀kan, mo ń kó wọn sínú ápù fídíò, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún iye àkókò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹnu ara mi ṣe ìlù níbẹ̀. Kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ pé, ẹni tó bá wò ó á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yára jù àti ibi tó ti falẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp, wọ́n sì ní kí n gbé bébà náà wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ kí àwọn àgbà lè rí i.

Wọ́n fi ọwọ́ gbà á káàkiri. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wo ti inú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá fi ìka kan àpótí kẹrin. Níbẹ̀, mo ti ṣètò pé "rí" á kọ́kọ́ já, kí "Ẹ" tẹ̀ lé e, kí "lẹ́" wá ṣe ìkẹta. Bàbá ní, "Ìgbà mélòó ni Ògúnlọlá gé e? Idà kan ni. Jẹ́ kó já lẹ́ẹ̀kan náà."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo fi rọ́bà pa ọfà mẹ́ta rẹ́, mo fa ẹyọ kan. Jíjá náà kò gba 1.5 mọ́, 1 ló gbà, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan sì ṣẹ́ kù. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí mo máa fi í sí, Màmá akọ̀wé ti gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa igi lé 4 tó wà lábẹ́ àpótí kẹfà, wọ́n kọ 4.5 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Jẹ́ kí orúkọ wa pẹ́ lójú díẹ̀ sí i."